Ẹni Tó Bá Gba Iṣẹ́ Yín Láàárín Ọjọ́ Méjì

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń kàwé kẹ́ ẹ lè di olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi tipẹ́, ọmọkùnrin kan ló wá fà á yọ. Ó wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Ilé mi kò jìnnà sí odò Chanchaga, lójú ọ̀nà tó ti Minna lọ sí Paiko. Olùkọ́ kékeré ni, ó sì ti fi ọdún kan àtààbọ̀ fa omi kànga kiri àdúgbò wa, ó ń gbé e lọ sí láàbù kó lè mọ ohun tó wà nínú omi tí à ń mu. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, èsì ti dé: wọ́n ti gbà á, iṣẹ́ náà dára lọ́pọ̀lọpọ̀, kó san 150 dọ́là kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Owó yẹn ló wá yá.

Mo ní kó jókòó. Mo bi í pé, "Kí ni wọ́n ní kó o tún ṣe?"

Ó ní, "Kò sí, Bàbá. Wọ́n ní ó ti pé."

Mo gba fóònù, mo gbé awò mi sójú. Èmi tí mi ò kọ́ kẹ́mísírì rí i pé ó kọ "Chanchanga" lẹ́ẹ̀mejì lójú ewé àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kò rí i. Mi ò yá a lówó. Ohun tí mo bá a sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin náà sọ, mo sì ti fi díẹ̀ kún un.

Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín wí: bàbá mi bá iṣẹ́ rélùwéè dé Minna láti Ògbómọ̀ṣọ́, ibí ni wọ́n bí mi sí. Mo fi ọdún 33 ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, ẹ̀ka jọ́nà ni mo wà. Èmi ni mò ń tú àpò ìwé tó bá dé, tí mò ń lu òǹtẹ̀ lé e, tí mò ń tò ó sórí pẹpẹ. Mi ò lóye ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú wọn, ṣùgbọ́n mo mọ jọ́nà bí alápatà ṣe mọ ẹran: tí mo bá ti gbé e lọ́wọ́, mo ti mọ̀.

1. Ẹ mọ ọjà tí ẹ̀ ń rà.

Bí jọ́nà gidi ṣe ń ṣe nìyí. Olóòtú á gba pépà yín, á wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, á ní kí wọ́n bá òun kà á. Wọn kì í sábà gba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ò ní mọ orúkọ wọn, kí wọ́n lè sọ òótọ́ láìwojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kọ àléébù tí wọ́n bá rí: ibi tí ìṣirò ti wọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta ko ara wọn, ìbéèrè tí ẹ sá fún. Ẹ ó tún un ṣe, ẹ ó dá a padà, wọ́n á tún kà á. Ó lè gba oṣù mẹ́fà, ó lè gba ọdún kan. Ìbáwí yẹn gan-an ni ọjà tẹ́ ẹ wá rà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, ọ̀rá tí wọ́n fi bá yín dì í ni.

Láti 1665 ni jọ́nà ti wà láyé, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ní Paris, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí àjèjì máa bá wa ka iṣẹ́ wa kó tó jáde, àṣà tó ń dàgbà bọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni, òun ló sì jẹ́ kí dókítà tó wà ní Minna lè gbára lé ohun tí ẹni tí kò rí rí kọ ní ìlú mìíràn. Ẹni tó bá gba owó yín tí kò bá yín wí, ọ̀rá òfìfo ló dì fún yín.

2. Ẹ máa ka ọjọ́.

Kẹ́ ẹ má rò pé jọ́nà jìbìtì nìkan ni ìkánjú ń bà jẹ́. Gbogbo wa la mọ klorokúìnì, oògùn ibà tó máa ń mú kí ara yún èèyàn mọ́jú. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún ibà. Ní oṣù Kẹta 2020, tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú, àwọn oníṣègùn kan ní Marseille nílẹ̀ Faransé, tí Didier Raoult jẹ́ ọ̀gá wọn, kọ pépà pé ìbátan oògùn yìí, hydroxychloroquine, ń lé kòkòrò náà kúrò lára aláìsàn. Jọ́nà tó gbà á kì í ṣe jọ́nà ẹ̀bá títì, ó lórúkọ. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù ni pépà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n ti gbà á. Ogúnjọ́, ó ti jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́ ni olóòtú àgbà jọ́nà náà. Wọ́n ní ẹlòmíràn ló bójú tó àyẹ̀wò rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀.

Aláìsàn 36 péré ló wà nínú ìṣirò, pẹ̀lú àwọn tí wọn kò fún ní oògùn náà. Àwọn 26 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní oògùn náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa kà wọ́n, 20 ni wọ́n kà. Àwọn mẹ́fà yòókù ńkọ́? Mẹ́ta ti dèrò yàrá àwọn tí àìsàn ti wọ̀ lára. Ọ̀kan kúrò nílé-ìwòsàn. Ọ̀kan pa oògùn tì nítorí pé èébì ń gbé e. Ọ̀kan kú. Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹni tó kú kò sí nínú ìṣirò oògùn tí wọ́n ní ó ń woni sàn. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ka pépà yẹn láàárín ọjọ́ kan tí kò bi wọ́n pé, "Ẹni mẹ́fà yìí dà?"

Ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pàápàá. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, Donald Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà, ti ń yin oògùn náà níwájú àwọn oníròyìn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Èkó fi kéde pé àwọn èèyàn ti dé ilé-ìwòsàn nítorí pé wọ́n lo klorokúìnì ní àlòjù, tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn tó gbé májèlé mì wọ̀nyẹn kò ka pépà kankan láyé wọn. Ariwo ni wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tọpa ariwo náà, ẹ ó bá ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní ìdí aláìsàn 36 yẹn. Oṣù Kejìlá 2024 ni jọ́nà náà tó fa pépà náà padà. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi gbà á, ó lé ní ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó kọ̀ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gba iṣẹ́ yín láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má pe ẹbí jọ láti dúpẹ́. Ẹ lọ wádìí.

3. Ẹ ṣọ́ra fún ímeèlì tó ń ki yín ní oríkì.

Wọ́n á pè yín ní "Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbajúmọ̀ kárí ayé" nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ṣe máásítà. Wọ́n á ní àwọn ka iṣẹ́ yín lórí ẹ̀fọn, inú àwọn sì dùn, nígbà tó jẹ́ pé bírísì lẹ kọ́. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní kẹ́ ẹ wá di olóòtú àwọn.

Àwọn olùwádìí kan ní Poland fi èyí ṣeré tó gbádùn mọ́ mi, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ nínú jọ́nà Nature ní 2017. Wọ́n dá obìnrin kan tí kò sí láyé, wọ́n sọ ọ́ ní Anna O. Szust. Bẹ́ ẹ bá so lẹ́tà O yẹn mọ́ Szust, oníjìbìtì ló túmọ̀ sí ní èdè wọn. Ó dà bíi kí ẹnìkan kọ̀wé wáṣẹ́ sí báńkì pé Ọ̀gbẹ́ni J. Ìbìtì ni òun. Wọ́n fún un ní oyè dókítà ayédèrú, wọn ò fún un ní pépà kankan tó kọ rí, wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé sí jọ́nà 360 pé ó fẹ́ di olóòtú. Jọ́nà 48 gbà á. Àwọn kan fi jẹ olóòtú àgbà lójú ẹsẹ̀, àwọn kan ní kó kọ́kọ́ mówó wá. Àwọn 48 yẹn gbà á láìmọ̀ bóyá ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan lára ìgbìmọ̀ olóòtú, ẹ kọ̀wé sí i. Ó lè má mọ̀ rárá pé wọ́n fi òun síbẹ̀. Ó tilẹ̀ ti lè kú.

4. Ẹ yẹ ìdí múdù wò.

Ẹni tó bá ń ná ọjà Kure ní Minna mọ múdù, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ó sì mọ èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú: tí ẹ bá wò ó látòkè, ó dọ́gba pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá délé tí ìrẹsì kò kún ìkòkò. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní impact factor náà ní ti òótọ́, ó ní èyí tí wọ́n lu ìdí rẹ̀. Ti òótọ́, Eugene Garfield ará Amẹ́ríkà ló ronú kàn án: ẹ ka iye ìgbà tí àwọn mìíràn tọ́ka sí pépà jọ́nà kan, ẹ fi iye pépà tó gbé jáde pín in. Àwọn oníjìbìtì wá fi "Global" tàbí "Universal" síwájú orúkọ yẹn, wọ́n ń ta nọ́ńbà fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́.

ISSN náà ńkọ́? Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ló ń pín in fún jọ́nà ní Nàìjíríà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni, bíi nọ́ńbà mọ́tò. Nọ́ńbà mọ́tò kò sọ pé bíréèkì ọkọ̀ dára.

Bí jọ́nà bá ní òun wà nínú Scopus, àkójọ jọ́nà tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ má wò ó lójú òpó tirẹ̀; ẹ lọ sí ti Scopus fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń jí orúkọ jọ́nà gidi, tí wọ́n ń kọ́ ojú òpó tó jọ ọ́ bí ìbejì, tí wọ́n ń gba owó lórúkọ olórúkọ. Tí ẹ bá ń wá jọ́nà ilẹ̀ wa, ẹ yẹ African Journals Online wò, láti 1998 ni wọ́n ti ń kó wọn jọ. DOAJ náà wà, àkójọ àwọn jọ́nà tí à ń kà lọ́fẹ̀ẹ́, tó yọ nǹkan bíi jọ́nà 3,300 dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 2016. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má fi ìwé àkójọ kankan ṣe òrìṣà. Ilé-iṣẹ́ òǹtẹ̀wé Wiley ra òǹtẹ̀wé mìíràn, Hindawi, ní 2021, àwọn jọ́nà rẹ̀ wà nínú àkójọ tó dára. Nígbà tó di 2023, ó lé ní 8,000 pépà tí wọ́n fà padà nínú wọn, nítorí pé àwọn tó ń fi pépà ṣe òwò ti wọlé, wọ́n sì ti fi àwọn olóòtú àlejò ṣe ọ̀nà.

5. Ti owó.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gba owó ni olè. Jọ́nà gidi wà tó ń gba owó gọbọi kí gbogbo ayé lè ka pépà lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń dín in kù tàbí kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó bá wá láti ilẹ̀ tí kò rí jájẹ. Ẹ béèrè, ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún ni ẹni tí kò dárúkọ owó títí ó fi gba pépà yín.

Ọ̀rọ̀ OMICS, ilé-iṣẹ́ òǹtẹ̀wé kan, ni kẹ́ ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Hyderabad ní Íńdíà ni wọ́n fìdí sọlẹ̀ sí, jọ́nà wọn sì pọ̀ bí eéṣú. Ní 2016, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, FTC, pè wọ́n lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn: wọ́n ní àwọn amòye ń yẹ pépà wò, wọn kò yẹ ọ̀pọ̀ wò, wọ́n fi owó pamọ́ títí olúwarẹ̀ yóò fi wọ àwọ̀n, wọ́n ń fi orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò fọwọ́ sí i polówó ìpàdé, ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ mú pépà òun kúrò, wọn ò jẹ́ kó mú un lọ. Ní oṣù Kẹta 2019, adájọ́ ní kí wọ́n san dọ́là mílíọ̀nù 50.1.

Jeffrey Beall, ẹlẹgbẹ́ mi ní iṣẹ́ láíbìrì, ní Denver, ló pariwo irú àwọn òǹtẹ̀wé bẹ́ẹ̀ fáyé gbọ́. Òun ló sọ wọ́n lórúkọ, ó ní apanijẹ ni wọ́n. Àkójọ orúkọ tó ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń wò, kó tó gbé e kúrò ní oṣù Kìíní 2017. Ó ṣàṣìṣe níbòmíràn, ó sì máa ń le mọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, lójú tèmi. Síbẹ̀ mo máa ń yangàn pé ọmọ ìdí pẹpẹ ìwé ló na ìka sí ejò náà nínú koríko.

Ẹlòmíràn tún wà, John Bohannon, oníròyìn. Ó kọ pépà ayédèrú kan nípa oògùn jẹjẹrẹ, ó fi àṣìṣe sínú rẹ̀ tí ọmọ girama tó bá mọ kẹ́mísírì yẹ kó rí, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Àwọn 157 gbà á, 98 kọ̀ ọ́. Jọ́nà Science gbé ìròyìn náà jáde ní 2013. Ohun kan ṣì ń dùn mí nínú ọgbọ́n yẹn o. Nígbà tó ń wá orúkọ tó máa fi ṣe ìbòjú, orúkọ ọmọ Áfíríkà ló da pọ̀ mọ́ra wọn, ó sì fi wọ́n sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí ní àwọn olú ìlú Áfíríkà, bíi Asmara. Ó ní ìrètí òun ni pé bí olóòtú kò bá rí nǹkan kan nípa irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní fura púpọ̀. Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ wa dé nìyẹn.

Àwọn olùwádìí méjì, Shen àti Björk, gbé e kalẹ̀ pé ní 2014 nìkan, nǹkan bíi pépà 420,000 ló jáde nínú irú àwọn jọ́nà wọ̀nyí, ìpíndọ́gba owó rẹ̀ sì jẹ́ 178 dọ́là. Wọ́n ní láti Éṣíà àti Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ wọ́n ti wá. Ẹ sọ 178 dọ́là di náírà, kẹ́ ẹ gbé e ka iwájú owó oṣù olùkọ́ kékeré.

6. Ẹ má gbé ohun tẹ́ ẹ kò kọ lé orúkọ yín.

Àwọn obìnrin Gbagyi tó ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ níbí, èjìká ni wọ́n fi ń ru igi ìdáná, wọn kì í gbé e lérí. Àwọn àgbà wọn ní orí ni ọba ara, a kì í di ẹrù lé ọba. Èmi kò fi irú ọ̀wọ̀ yẹn wọ orúkọ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Ní 2004, ọ̀gá kan tó fẹ́ràn mi fi orúkọ mi kún pépà rẹ̀. Àwa mẹ́rin ni, èmi ni ẹkẹta. Gbogbo ohun tí mo ṣe nínú iṣẹ́ náà kò ju pé mo bá a wá ìwé méjì lórí pẹpẹ. Mo nílò pépà fún ìgbéga, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tilẹ̀ ra ọsàn lọ kí i nílé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo jókòó níwájú ìgbìmọ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó wé gèlè aláwọ̀ aró. Ó ṣí pépà náà, ó fi ìdí bírò kan tábìlì kẹta, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, báwo lẹ ṣe yan àwọn 200 yìí?"

Mo wo tábìlì náà bí ẹni tó ń wo ìwé Ṣáínà. Mo ní ọ̀gá wa ló mọ̀.

Ó ní, "Èwo wá ni tiyín nínú rẹ̀?"

Mi ò lè dáhùn. Fáànù òrùlé ń dún, ó ń gbé etí ìwé náà sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, obìnrin náà kò sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó kàn ń wò mí.

Ẹ mọ èyí tó ń dùn mí jù? Wọ́n fún mi ní ìgbéga ọ̀hún. Pépà yẹn wà nínú fáìlì mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì yọ ọ́.

Nísinsìnyí, wọn kì í tilẹ̀ fi ìfẹ́ ṣe é mọ́. Wọ́n ń ta àyè lórí pépà bí ẹni ta àyè nínú mọ́tò: ti iwájú lówó lórí ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹni tó bá ra ìjókòó kò mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ.

7. Ẹ má jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kẹ́ ẹ wá kùn ún lẹ́fun.

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn kí wọ́n má bàa mọ̀ pé wọ́n jí i. Ní 2021, Guillaume Cabanac, Cyril Labbé àti Alexander Magazinov ṣa àwọn gbólóhùn tí wọ́n ti lù ní ìlùkulù bẹ́ẹ̀ jọ. Jẹjẹrẹ ọmú lédè Gẹ̀ẹ́sì ti di "bosom peril", ìyẹn ni pé ewu oókan àyà. Ẹ wá fojú inú wo nọ́ọ̀sì tó ń sọ fún ìyá arúgbó pé ewu oókan àyà ló ń ṣe é. Ìyá á ní, "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ yin ìbọn lù mí?"

Àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń dá kọ̀wé yìí ńkọ́? Wọ́n mọ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Ní oṣù Kejì 2024, jọ́nà kan gbé pépà jáde tó ní àwòrán eku tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yà, nǹkan ọkùnrin eku náà tóbi ju eku lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára kò sì jẹ́ èdè kankan. Ó kọjá níwájú olóòtú, ó kọjá níwájú àwọn aláyẹ̀wò. Nígbà tí gbogbo ayé rẹ́rìn-ín tán ni wọ́n fà á padà.

8. Èyí, àwọn àgbà ni mo fi ń bá wí, ẹ̀yin ẹ fetí sí i.

Ìyà tó ń jẹ yín kò dédé ṣẹlẹ̀. Àwa la ṣòfin pé pépà tó bá ti òkè òkun wá ló níyì jù, pé ìgbéga kò sí láìsí iye kan. A ń ka iye pépà, a kì í ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 2014, Ayọ̀kúnlé Ọmọ́bọ̀wálé, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ pépà sínú Current Sociology lórí bí àwọn olùkọ́ Nàìjíríà ṣe ń san owó fún òǹtẹ̀wé ilẹ̀ òkèèrè, ìdí ọ̀rọ̀ ìgbéga yìí ni wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé. Òkè òkun tí a ní kẹ́ ẹ lọ, yàrá ẹyọ kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì ni nígbà mìíràn.

Ti abẹ́lé náà kò mọ́. Mo ní páálí kan nílé tí mo kó "Ìdìpọ̀ Kìíní, Nọ́ńbà Kìíní" sí, àwọn jọ́nà tí àwọn olùkọ́ da owó jọ láti tẹ̀ nígbà tí ìgbéga kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún retí Nọ́ńbà Kejì wọn. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ọwọ́ wa kò lè ṣe ohun tó dáa: ní 1956, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa, Kenneth Dike àti ẹgbẹ́ àwọn onítàn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ jọ́nà tiwọn láti Ìbàdàn, àwọn ará òkè òkun ló ń wá a kà.

9. Bẹ́ ẹ bá ti kó sí i.

Ẹ má san owó kejì láti gba ara yín sílẹ̀. Wọ́n á tún béèrè ẹ̀kẹta. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé ẹ yọwọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, ẹ fi han ọ̀gá yín. Ẹ má gbé pépà kan náà lọ sí ibòmíràn láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì yín, ẹ má ṣe bíi tèmi.

10. Bí ìbáwí bá dé, ẹ jókòó tì í.

Ọmọkùnrin olómi kànga gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí jọ́nà mìíràn. Oṣù méje ni kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí èsì dé, ojú ewé mẹ́rin ni, àléébù ló kún un. Ó gbé e wá bá mi, ojú rẹ̀ ti le. Ó ní, "Bàbá, wọ́n fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni." Mo ní kó kà á sókè. Aláyẹ̀wò kejì béèrè pé oṣù wo ló fa omi wọ̀nyí, ṣé ìgbà òjò ni àbí ìgbà ọyẹ́, nítorí pé omi kànga kì í rí bákan náà nígbà méjèèjì. Ó tún béèrè pé báwo ni kànga kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ṣalángá tó. Ó kà á débẹ̀, ó dákẹ́. Kò kọ oṣù sílẹ̀. Ti ṣalángá kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa ní àdúgbò mọ ibi tó wà.

Ní oṣù Kìíní, tí ọyẹ́ ń gbẹ ètè, a jọ jáde. Ó gbé àwọn ike lọ́wọ́, èmi mú téèpù ìwọnlẹ̀. Obìnrin tó ni kànga àkọ́kọ́ bi wá bóyá àwa ni ará omi ẹ̀rọ, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèlérí. Mo ní a kì í ṣe ará omi ẹ̀rọ, ó sì yá wa ní okùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo di etí téèpù mú lẹ́nu kànga, ọmọ náà fa èkejì lọ sí ẹ̀yìn ilé, títí ó fi kan ògiri ṣalángá. Mítà mẹ́sàn-án. Ó jókòó sórí ike, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti oṣù sí i. Ó kọ orúkọ àdúgbò, ó wá na ìwé náà sí mi pé kí n wò ó, bóyá ó tọ́.